Ibi Tí Ẹsẹ̀ Bàbá Mi Dúró Sí

Ọkọ̀ bàbá mi kì í dákú tí mo bá dá wà nínú rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nìyẹn, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà mí. Iṣẹ́ rewáyà ni mò ń ṣe ní Adigbẹ, iṣẹ́ iná ọkọ̀. Obìnrin ni mí. Oníbàárà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé a máa wo gbogbo ṣọ́ọ̀bù yíká, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá ńkọ́?" Èmi náà á bá a wò yíká, bíi pé a jọ ń wá a ni, títí ojú á fi tì í.

Nínú iṣẹ́ wa, a kì í gbà pé ọkọ̀ ní ẹ̀mí. Bí ọkọ̀ bá ń ṣàìsàn, wáyà kan ló já, tàbí omi ló wọ ibi tí kò yẹ, tàbí ẹnìkan tó ń pe ara rẹ̀ ní mẹkáníìkì ló fọwọ́ kan ohun tí kò yé e. Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó da òróró àdúrà sórí ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó gbé e wá fún mi. Òróró yẹn ń ba rọ́bà wáyà jẹ́. Ẹ fi pa orí ara yín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì sinmi.

Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá mi ń dákú, ó sì jẹ́ pé ìgbà tí Màmá bá wà nínú rẹ̀ nìkan ni.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ ìjọ Áńgílíkà tí kì í pa ìsìn jẹ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sátidé, Wásinmi ló ń lọ, sí oko àwọn bàbá rẹ̀, níbi tí àbúrò rẹ̀ ṣì ń dáko, tí wọ́n ṣì ń bọ òrìṣà ìdílé wọn. Màmá a máa bá a lọ. Kì í bá ẹlòmíràn wọ ọkọ̀ tó bá máa jáde nílùú. Kí wọ́n tó bí mi, bọ́ọ̀sì tó wọ̀ dojú dé lójú ọ̀nà yẹn gan-an, àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà ò sì dìde mọ́. Láti ìgbà náà, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn títí bàbá mi fi ra ọkọ̀, tó sì ṣèlérí fún un pé òun ò ní sáré láéláé. Bí a bá sì ti wà lójú ọ̀nà, Màmá á gbé ọwọ́ òsì lé orúnkún bàbá mi. Bó bá ti gbé e lé e, bàbá mi ò ní tẹ iná ju ibi tó dé yẹn lọ. Ọ̀kadà ń kọjá lára wa. Mo rántí pé kẹ̀kẹ́ ológeere kan kọjá lára wa rí, ẹni tó gùn ún sì kí wa dáadáa.

Bàbá mi ti sọ ọ́ létí gbogbo wa pé oko Wásinmi ni kí a sin òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá òun. Nígbà tó kú, Màmá ní rárá, itẹ́ òkú ìjọ wa ní Kemta ni. Kò sọ ìdí. Àbúrò bàbá mi bínú, ó sọ̀rọ̀ títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá jókòó bí ẹni tí kò gbọ́, àlùfáà sì ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ibi tí Màmá fẹ́ náà la sin ín sí.

Lẹ́yìn tí a parí ìsìnkú, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ náà. Màmá fẹ́ lọ sí Wásinmi, kó lọ bẹ àbúrò ọkọ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè tán nínú ẹbí. A gbéra. A kọjá Ọbàdá, a bọ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ọ̀nà tẹ́jú lọ síwájú, oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún lósì. Tírélà ń sáré kọjá, ọkàn Màmá ò sì balẹ̀. Lójijì iná ẹ́ńjìnnì tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, agbára sì kúrò lára ọkọ̀ pátápátá. Mo tẹ iná títí, kò dáhùn. Ó ń wọ́ lọ bí ọmọ tí wọ́n fà létí. Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà, mo pa á, mo tún un tan, ó sì dìde bíi pé nǹkan kan ò ṣe é.

Síbẹ̀ a padà sílé, a sì tún gbìyànjú lọ́jọ́ mìíràn. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀ ní ibi kan náà, Màmá gbé ọwọ́ kúrò lórúnkún mi, ó ní, "Dá ọkọ̀ padà."

"Màmá, sẹ́nsọ̀ ni. Màá tún un ṣe."

"Mo ní dá ọkọ̀ padà. Bàbá rẹ ò fẹ́ kí n dé ibẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, mo dá gbé ọkọ̀ náà lọ sí ojú ọ̀nà yẹn, mo sì fi ìbínú wà á. Mo fi sáré lọ, mo fi sáré bọ̀. Mo lé àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì, mo kọjá lára wọn, mo sì bú àwọn awakọ̀ wọn bí mo ti máa ń ṣe. Ọkọ̀ náà ò ṣe bí ẹni tó ń ṣàìsàn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mò ń wá. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, okùn irin ló so pẹ́dàlì iná mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ̀ ẹ́, okùn fà, ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ọkọ̀ ìsinsìnyí ò ní okùn. Sẹ́nsọ̀ méjì ló wà nídìí pẹ́dàlì, wọ́n dà bí ẹlẹ́rìí méjì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ dé. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí bá ṣọ̀kan, kọ̀ǹpútà á ní kí tọ́rọ́tù, ìyẹn ẹnu tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, là tó bí ẹsẹ̀ ṣe fẹ́. Bí ọ̀rọ̀ wọn ò bá bára mu, kọ̀ǹpútà ò ní gba ẹnikẹ́ni gbọ́ nínú wọn. Á gba agbára lọ́wọ́ awakọ̀, kí ọkọ̀ má bàa já mọ́ ọn lọ́wọ́.

Mo so sikáná mọ́ ọn, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Ó ní àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì ti takora. Kò sọ èyí tó purọ́, kò sì sọ bóyá wáyà ló fà á, tàbí tọ́rọ́tù, tàbí pẹ́dàlì. Sikáná kì í mú olè, àdúgbò tí olè ti jà ló máa ń júwe. Mo fọ tọ́rọ́tù. Mo tọ wáyà láti orí dé ìdí, mo pààrọ̀ ẹnu wáyà kan tó ti dípẹtà. Mo tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀, mo gbé e sókè, mò ń wo nọ́ńbà lójú sikáná. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò sí àbùkù kankan. Mo pa ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà rẹ́, mo bẹ Màmá títí ó fi gbà láti wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà tí a kọjá Ọbàdá, ọkọ̀ dákú.

Ọjọ́ yẹn ni èmi náà ò sùn dáadáa. Mi ò ní parọ́ fún yín. Nínú ọkọ̀ náà, òórùn ìpara tí bàbá mi fi ń ra orúnkún ò tíì kúrò. Ìjókòó awakọ̀ ti tẹ̀ sí apá kan, ó gba ìdí rẹ̀, kò gba tèmi. Mo bá ara mi níbi tí mo ti ń sọ pé "Ẹ káàárọ̀, sà" kí n tó jókòó síbẹ̀. Èmi tí mò ń fi àwọn olóróró àdúrà ṣe yẹ̀yẹ́! Mo ń wo dígí ẹ̀yìn ju bó ti yẹ lọ, nítorí mi ò fẹ́ wo ẹ̀gbẹ́ mi.

Àbúrò bàbá mi wọ mọ́tò wá sí Kemta, sí ilé wa, lẹ́yìn ìgbà tó gbọ́ nípa ọkọ̀ náà. Kò wá jà. Ó jókòó jẹ́jẹ́, fìlà rẹ̀ lórí itan.

"Ìyàwó wa, mi ò ní kí ọkọ̀ dákú," ó wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tí a sin sí ibi tí kò fẹ́, ṣé ó máa sùn ni? Ẹ jẹ́ ká hú u, ká gbé e lọ sílé. Ilẹ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa."

Mo lérò pé Màmá máa kọ̀ ọ́ fún un bíi ti ìgbà ìsìnkú. Ó wo ilẹ̀ títí. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ fún mi láyè díẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni ìyàwó ilé ṣe ń pe àbúrò ọkọ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tó lọ tán, Màmá yíjú sí mi. Ó ti rù. Egungun ọrùn rẹ̀ hàn lábẹ́ ìborùn.

"Tí o bá rí ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yẹn, mo gbà pé irin lásán ni," ó ní. "Tí o ò bá rí i, màá bá àlùfáà sọ̀rọ̀. Kí wọ́n hú u."

Ó sọ "hú u" bí ẹni tó gé ẹran ara rẹ̀. Mo rí i pé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì ní sọ ìdí tí kò fi fẹ́ bẹ́ẹ̀. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, bẹ́ẹ̀ ni mi ò mọ ohun tí màá fi àwọn méjèèjì ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ máa ń sọ pé bí àìsàn ọkọ̀ bá ń wá tó ń lọ, ká má bi ọkọ̀ ní ohun tó ń ṣe é, ká bi í ní ohun tó yàtọ̀ lọ́jọ́ tó ń ṣe é. Ọ̀nà kan náà, epo kan náà, awakọ̀ kan náà. Màmá nìkan ló yàtọ̀. Mo yí ìdáhùn yìí sókè sódò, irun ara mi sì ń dìde.

Mo wá yọ mítà alábẹ́rẹ́ kan jáde, mítà àtijọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń rẹ́rìn-ín mi. Nọ́ńbà ojú sikáná máa ń pẹ́ kó tó yí padà, nǹkan lè ṣẹlẹ̀ láàárín nọ́ńbà méjì kó má rí i. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kì í ṣẹ́jú. Mo fa wáyà láti ìdí pẹ́dàlì wá sí iwájú, mo gbé mítà náà lé Màmá lẹ́sẹ̀.

"Ẹ máa wò ó, Ma. Ojú mi máa wà lójú ọ̀nà. Tí abẹ́rẹ́ yìí bá fò, tàbí tó bá já, ẹ pariwo."

"Ṣé inú èyí ni bàbá rẹ máa ti bá wa sọ̀rọ̀?"

"Màmá, ẹ ṣáà máa wò ó."

A gbéra lọ́sàn-án. Ó di mítà náà mú bí ẹni tó gbé omi gbígbóná. A bọ́ nínú ìlú, a kọjá Ọbàdá. Ó sọ̀rọ̀ láì gbé ojú kúrò lórí abẹ́rẹ́.

"Ṣé o mọ ibi tí wọ́n ń sin obìnrin sí?"

"Ma?"

"Obìnrin tó kú, ilé bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá rẹ ì bá wà ní Wásinmi pẹ̀lú bàbá rẹ̀, èmi á wà nílé bàbá mi ní Kemta. Bí gbogbo ọjọ́ tí a jọ lò ṣe máa parí nìyẹn. Itẹ́ òkú ìjọ ni wọn ò ti ní bi wá ní ilé baba ẹnikẹ́ni. Àyè tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ti bá wọn sọ ọ́. Èmi ni mo ni ín." Ó mí. "Ó bẹ̀ mí kó tó kú pé kí n má gbàgbé oko. Mo ní mi ò ní gbàgbé. Mo ń wo ojú rẹ̀ nígbà tí mò ń parọ́ fún un."

Tírélà kan ń bọ̀ níwájú, ó gba ojú ọ̀nà kọjá ìdajì. Ẹ̀rù ba Màmá, ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lára mítà, ó gbé e lé orúnkún mi ọ̀tún.

"Rọra," ó ní.

Ẹsẹ̀ mi dúró. Mo di pẹ́dàlì mú síbẹ̀, láì tẹ̀ ẹ́ sí i, láì gbé e.

"Ó ṣubú!" Màmá kígbe. "Abẹ́rẹ́ ti ṣubú!"

Iná ẹ́ńjìnnì tàn. Ọkọ̀ dákú.

Mo yà sẹ́bàá ọ̀nà. Kì í ṣe òkú rárá. Ọwọ́ Màmá ni. Ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórúnkún mi ló yàtọ̀. Bí mo bá dá wà, mò ń tẹ iná kọjá ibẹ̀ fìrí, ohun tó bá sì kọjá fìrí, kọ̀ǹpútà kì í kà á sí. Ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú, mò ń tẹ pẹ́dàlì mọ́lẹ̀ gbì ni, mò ń gbé e sókè. Màmá nìkan ló ń mú kí ẹsẹ̀ èèyàn dúró pẹ́ ní ibì kan ṣoṣo yẹn, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì máa ń mú un gbé ọwọ́ lé mi ní ibi tí ọ̀nà bá ti ṣí tí tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Mo tú pẹ́dàlì náà lójú rẹ̀, ní ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Nínú sẹ́nsọ̀ rẹ̀, ojú ọ̀nà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà, wọ́n tẹ́ ẹ bí àbàjà kan lójú èèyàn, irin kékeré kan a sì máa rìn lórí rẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá ti ń tẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dúdú náà ń dán. Àfi ibì kan, ní ìsàlẹ̀, tí kò jìnnà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ti jẹ, ó ti họ, dúdú ti tán pátápátá lórí rẹ̀. Bí irin bá dúró síbẹ̀, kò sí ohun tó máa kàn, ẹlẹ́rìí kan á sì dákẹ́.

"Kí ló jẹ ẹ́?" Màmá bi mí.

"Ẹsẹ̀ Bàbá ni. Ibi tí ẹsẹ̀ wọn dúró sí nìyẹn ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi ń gbé yín. Wọn ò tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀. Ẹ wo òkè rẹ̀, Ma, ó ṣì dà bí tuntun."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó fi èékánná kan ibi tó họ. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn, èmi náà ti ń dúró de oríyìn. Irin lásán ni, mo ti bá a rí i. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dà rú.

"Ó mú ìlérí tèmi ṣẹ," ó ní. "Títí tó fi jẹ irin. Èmi ni mi ò mú tirẹ̀ ṣẹ."

Kò sí mítà tó ń wọn ìyẹn. Mo fi aṣọ nu ọwọ́, mo tún nù ún.

Mo wá pẹ́dàlì mìíràn tó dára, mo dè é mọ́ ọn, mo sì gbé Màmá lọ sí Wásinmi. A kọjá Ọbàdá, mi ò wo ibẹ̀, òun náà ò wo ibẹ̀, a sì dé oko láìsí wàhálà. Àbúrò bàbá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ilé. Màmá kúnlẹ̀ fún un lórí èèpo ẹ̀gẹ́, kó tó lè dá a dúró. Ó sọ gbogbo rẹ̀, ti àyè ẹ̀gbẹ́ ọkọ rẹ̀, ti irọ́ tó pa. Mi ò gbọ́ kí Màmá bẹ ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá náà ń yọ ẹrẹ̀ kúrò lára ọ̀bẹ.

"Ìyàwó wa," ó wí nígbà tó yá, "nítorí pé ẹ fẹ́ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ yín ni gbogbo èyí? Ẹ wá jẹ́ kí n máa bú yín nínú ọkàn mi láti ìgbà náà?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹ̀gbọ́n mi ṣoríire ìyàwó."

Ó mú igbá, ó lọ sí ìdí sàréè bàbá wọn, ó bá a sọ̀rọ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́ tí mi ò gbọ́, ó sì bu erùpẹ̀ ibẹ̀ kún igbá náà. Ó ní bí ọmọ ò bá lè wá sílé, kí ilé lọ bá ọmọ. Kí a dà á sórí ẹ̀gbọ́n òun ní Kemta, kí ó fi ṣe ìrọ̀rí. Kò tún sọ̀rọ̀ híhú mọ́.

Nígbà tí à ń bọ̀, igbá erùpẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ Màmá, ibi tí mítà wà níjọ́sí. Nígbà tí a sún mọ́ ibi tí ọkọ̀ ti máa ń dákú, ó gbé ojú sókè.

"Ibí ni, àbí?"

"Ibí ni, Ma."

Ó gbé ọwọ́ lé orúnkún mi. Ẹsẹ̀ mi dúró. A jọ ń retí. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nítorí ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ṣe é, síbẹ̀ mò ń wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Iná ò tàn. Ọkọ̀ ń lọ geerege, ibẹ̀ wà lẹ́yìn wa, oko ẹ̀gẹ́ wà lẹ́yìn wa.

Nígbà náà ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

"Ó ti lọ," ó ní. "Nígbà tó ń bínú sí mi, ó ṣì wà ńbẹ̀."

Mi ò gbé ẹsẹ̀ mi, mi ò sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Tírélà kan dé ẹ̀yìn wa, ó ń fọn fèrè, ó ń fọn fèrè. Nígbà tó rí àyè kọjá, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó na ìka márààrún sí mi, ó sì bú ìyá tó bí mi. Mi ò dá a lóhùn. Mo di pẹ́dàlì mú síbẹ̀ títí a fi dé Kemta.